Láti ẹkù Ìjẹ̀bú-Igbó dé etí omi Iwopin: epo ilé wa ló wà nínú ìpara tí ẹ ń rà lówó gọbọi

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó dorí kọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ìlú ti dé, kó tó di pé dẹ́rẹ́bà figbe ta. Òórùn pákó tútù ń bọ̀ láti sọ́míìlì, òórùn kòkó tí wọ́n sá sóòrùn ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì. Bó bá wá jẹ́ àsìkò tí ọ̀pẹ ń so dáadáa, òórùn ẹyìn tí wọ́n ń sè nínú oko yóò da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ìlú igbó ni lóòótọ́, orúkọ rẹ̀ ò parọ́. Òkè-Ṣopín, Ọ̀jọ̀wọ̀, Atíkọrí, Òkè-Àgbò àti Jápàrà ló para pọ̀ di ìlú náà, ibi yòówù kí ẹ sì gbà jáde níbẹ̀, oko lẹ máa bá níwájú.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀hún kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ti oyè tí wọ́n ń du. Ọ̀rọ̀ ìpara ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Kò sí ilé kan nílùú ńlá lónìí tí ẹ ò ní bá ike ìpara mẹ́ta, mẹ́rin lórí tábìlì. Ti irun wà lọ́tọ̀, ti ojú wà lọ́tọ̀, ti ara wà lọ́tọ̀, ti ọmọ náà tún wà lọ́tọ̀. Owó tó ń bá wọn lọ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ẹni tó rà wọ́n pé kí ló wà nínú wọn, ohun tí yóò sọ fún yín ni pé wọ́n ń ta sánsán. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n ní kí n lọ wo ibi tí epo ti ń bẹ̀rẹ̀, kí n fẹsẹ̀ tọ̀ ọ́ títí dé ibi tí wọ́n ti ń tà á padà fún wa.

Èso kan, epo méjì

Ẹkù la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ẹkù, ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa ni. Wọ́n á se ẹyìn náà títí tí yóò fi rọ̀, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n gbé e fún ẹ̀rọ, wọ́n á wá fún epo inú ẹran ara rẹ̀ jáde. Epo pupa nìyẹn. Àwọ̀ pupa rẹ̀ kì í ṣe aró o, ohun kan náà tó mú kí kárọ́ọ̀tì pọ́n ló wà nínú rẹ̀, òun lara wa sì máa ń sọ di fítámì A bí a bá jẹ ẹ́.

Bí wọ́n bá fún epo tán, iṣẹ́ ò tíì parí, nítorí ẹ̀kùrọ́ ṣì kù nílẹ̀. Àwọn obìnrin ló sábà máa ń jókòó ti èyí. Wọ́n á fi òkúta fọ́ ẹ̀kùrọ́ níkọ̀ọ̀kan tàbí kí wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n á ṣa ọmọ inú rẹ̀, wọ́n á da á sínú ìkòkò irin, wọ́n á máa yan án lórí iná títí yóò fi máa sun epo jáde. Epo ọ̀hún máa ń dúdú, òórùn èéfín sì máa ń wà lára rẹ̀. Àdín nìyẹn, èyí táwọn àgbà sọ pé Èṣù kì í fojú kàn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ fún un láìyan án, kì í dúdú bẹ́ẹ̀, á dà bí òdòdó, òórùn rẹ̀ kò sì ní le tó ti ìkòkò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé epo pupa àti àdín kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ inú èso kan ni wọ́n ti jáde. Ohun kan wà táwọn onímọ̀ ń pè ní lauric acid, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àdín, díẹ̀ báyìí ló sì wà nínú epo pupa. Òun ló ń jẹ́ kí ọṣẹ hó yọ̀rọ̀. Epo pupa ní tirẹ̀ ló ń mú kí ọṣẹ le, kó má tètè yọ́ dànù lójú omi. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ kárí ayé fi ń po méjèèjì pọ̀. Yorùbá ní ẹ̀kùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà, èmi náà ń sọ ọ́ lónìí pé àdín lalábàákú ọṣẹ.

Ọṣẹ dúdú wa ńkọ́? Ọgbọ́n ńlá ni. Ní ilẹ̀ kòkó bíi Ìjẹ̀bú-Igbó, èèpo kòkó kì í wọ́n. Wọ́n á sá a, wọ́n á sun ún di eérú, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á sẹ́ omi náà. Àwọn mìíràn máa ń fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tàbí ìtì ẹyìn tí wọ́n ti já èso rẹ̀ kúrò ṣe é. Omi eérú yẹn ló ní kánún tó lágbára nínú, bó bá pàdé àdín lórí iná, méjèèjì á jà, wọ́n á sì di ọṣẹ. Kánún inú eérú ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ dúdú le gbagidi bíi ti ilé iṣẹ́. Sódà ni ilé iṣẹ́ ń lò, òun ló ń mú kí tiwọn gan. Ohun kan tún wà ńbẹ̀: gilisirínì tí ẹ ń lọ rà nínú ìgò máa ń jáde fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ń se ọṣẹ. Ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń yọ ọ́ kúrò, wọ́n á tà á lọ́tọ̀. Nínú ọṣẹ dúdú, kò síbi tó lọ, inú ọṣẹ náà ló wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀

Ẹ má rò pé àná ni òyìnbó mọ adùn àdín wa. Àwọn Ìjẹ̀bú ló dúró sójú ọ̀nà láàárín etí ọ̀sà àti òkè ní gbogbo àkókò tí epo àti ẹ̀kùrọ́ di ọjà ńlá lẹ́yìn òwò ẹrú. Ọjà bíi Èjìnrìn létí ọ̀sà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o sọ́kọ̀ lọ sí Èkó. Àwọn Ìjẹ̀bú ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn máa kọjá nílẹ̀ wọn bó ṣe wù ú, ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà òwò yìí sì wà lára ohun tó fa ogun Ìmágbọn lóṣù karùn-ún ọdún 1892, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn ayára-bí-àṣá ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú.

Kó tó di ọdún 1914 tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, Jámánì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀kùrọ́ ilẹ̀ wa ń lọ, pàápàá Hamburg. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un lépo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Lever bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọṣẹ Sunlight lọ́dún 1884, ọṣẹ tó jẹ́ pé epo inú ewéko wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é dípò ọ̀rá ẹran nìkan. Nígbà tó di ọdún 1923, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Nàìjíríà, òun náà ló di Unilever Nigeria tí ẹ mọ̀ lónìí. Ẹ ti wá rí i báyìí: láti ayé àwọn bàbá ńlá wa la ti ń ta ẹ̀kùrọ́ ní pọ́ọ́kú, tí a sì ń fi owó gidi ra ọṣẹ.

Ní Àgó-Ìwòyè, ẹ ka ẹ̀yìn ike

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ gba Orù kọjá, kò pẹ́ tí ẹ ó fi wọ Àgó-Ìwòyè. Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọdún 1982 ni wọ́n dá yunifásítì ibẹ̀ sílẹ̀, Ogun State University ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Lọ́dún 2001 ni wọ́n fi orúkọ Olóyè Olábísí Ọnàbánjọ, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, pè é. Níbi tí ọmọ yunifásítì bá pọ̀ sí, ṣọ́ọ̀bù ìpara ò ní wọ́n níbẹ̀. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀kan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó máa gbọ́. Ọmọbìnrin á ní, “Àǹtí, èwo ló ń ta sánsán jù?” Àǹtí á ṣí ìdérí, á gbé e sí i nímú, ọjà ti tà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó yí ike náà padà láti ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká jọ yí i padà. Orúkọ tí ẹ bá rí níbẹ̀ á dà bí ọfọ̀, ṣùgbọ́n ará ilé wa pọ̀ nínú wọn. Elaeis guineensis ni ọ̀pẹ. Guineensis yẹn túmọ̀ sí ará Guinea, ìyẹn etíkun ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín. Bí wọ́n bá fi kernel oil kún un, àdín ni. Cocos nucifera ni àgbọn. Butyrospermum parkii ni òrí, tó ń wá láti Òkè-Ògùn, Kwara àti Niger. Mungo Park, ará Scotland tó wá wo odò Ọya láàárín ọdún 1795 sí 1797, ni wọ́n fi sọrí. Ní ìgbà kejì tó padà wá, odò náà ló kú sí nítòsí Busa lọ́dún 1806. Lára ọṣẹ, bí ẹ bá rí sodium palmate, epo pupa àti sódà ni. Sodium palm kernelate, àdín àti sódà. Sodium tallowate, ọ̀rá ẹran ni o.

Ẹ tún kíyè sí bí wọ́n ṣe tò ó. Èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, títí tí wọ́n á fi dé orí àwọn tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, bí wọ́n bá ya àwòrán òrí gàdàgbà síwájú ike, tí ẹ wá bá òrí níparí ìlà lẹ́yìn, tó jẹ́ pé omi àti epo inú ilẹ̀ ló ṣáájú, kí lẹ rà? Àwòrán lẹ rà. Epo inú ilẹ̀ tí mo sọ yẹn, petrolatum tàbí mineral oil ni wọ́n ń kọ, ìdílé kan náà ni òun àti kẹrosíìnì. Láti ọdún 1872 tí Robert Chesebrough ti gba ìwé àṣẹ lórí Vaseline ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń lò ó. Èyí tí wọ́n bá sẹ́ dáadáa kì í pa èèyàn lára, ó sì máa ń dáàbò bo omi ara kó má gbẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òrí, kò sì yẹ kí owó rẹ̀ jẹ́ owó òrí.

Ọ̀rọ̀ kan wà níparí ìlà náà, parfum tàbí fragrance. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó lè bo ọgọ́rọ̀ọ̀rún nǹkan mọ́lẹ̀, nítorí àṣírí ọjà ni wọ́n ka òórùn sí. Ọ̀rọ̀ lọ́fíńdà tí à ń pè yìí pàápàá, ara lavender ló ti wá, òdòdó kan tó ń hù lágbègbè òkun Mẹditaréníà. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú lọ́fíńdà ayé òde òní kò fojú kan òdòdó rí. Ìdí rẹ̀ ni pé òdòdó wọ́n. Kí èèyàn tó rí epo róòsì kílò kan ṣoṣo, ó lè gbà tó 3,500 sí 4,000 kílò òdòdó rẹ̀. Láti ọdún 1868 tí William Perkin, ará Gẹ̀ẹ́sì, ti fi kẹ́míkà ṣe coumarin, òórùn kan tó dà bíi ti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Kì í ṣe pé ti kẹ́míkà burú, tí ti ewéko sì dára o. Àtèyí àtèyí ló lè bá ara ẹlòmíràn jà. Nílẹ̀ Yúróòpù, láti ọdún 2005 ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí wọ́n kọ orúkọ òórùn 26 tó máa ń fa ara yíyún sára ike. Lọ́dún 2023 wọ́n fi kún un, ó ti lé ní 80 báyìí. Linalool, limonene, geraniol wà nínú wọn, inú ewéko ni wọ́n sì ti ń wá.

Àwọn tó ń po kírìmù fúnra wọn ló tún yẹ ká bẹ̀rù jù. Wọ́n á da ìgò márùn-ún pọ̀, wọ́n á rọ lọ́fíńdà lé e kí òórùn kẹ́míkà má baà jáde, wọ́n á ní ó ń mú ara mọ́lẹ̀. Òórùn dídùn ló ń bo ibi mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Àjọ NAFDAC, tí òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1993, kò gba mákúrì nínú ìpara rárá, wọn ò sì gba hydroquinone kó ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó ń pò ó lẹ́yìn kántà kò ní òṣùwọ̀n tó lè wọ̀n ọ́n. Mákúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn oògùn sitẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń dà sí i máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ọgbẹ́ bá dé, kì í tètè jiná. Owó yín ń lọ, awọ yín náà ń lọ.

Etí omi, níbi tí àgbọn wà

Láti ibẹ̀, ẹ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ dojú kọ gúúsù, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside wà. Abigi ni olú ìlú rẹ̀. Ibiade, Iwopin, Makun-Omi àti Efire wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ ọn, igbó á máa yí padà. Igi kòkó á dín kù, ọ̀pẹ ògùrọ̀ á gba gbogbo àbàtà, títí omi ọ̀sà yóò fi yọjú lójijì. Apẹja, ọlọ́kọ̀ ojú omi, Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ, gbogbo wọn ló jọ ń gbé. Iwopin tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ yìí ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ ìwé sí, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí wọ́n kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn méjì yòókù wà ní Jẹ́bà àti Oku-Iboku. Ẹni tó bá mọ ìtàn rẹ̀ mọ̀ pé bébà tí wọ́n retí níbẹ̀ kò dé ọjà bí wọ́n ṣe pinnu.

Létí omi báyìí, iyanrìn ni àgbọn fẹ́ràn. Àdín àgbọn kò ní ariwo nínú: wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á fún omi funfun rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó dúró tàbí kí wọ́n gbé e kaná, òróró á léfòó. Òun àti àdín ẹ̀kùrọ́ jọra gan-an nínú, lauric acid fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì òun náà. Ìwádìí kan jáde láti Íńdíà lọ́dún 2003, níbi tí wọ́n ti fi àdín àgbọn, òróró sunflower àti mineral oil wéra lórí irun. Àdín àgbọn nìkan ló dín ohun tó ń jẹ́ kí irun lágbára tó máa ń ṣàn dànù bí a bá fọ irun kù, nítorí ó ń wọ inú irun. Èyí tí kò wọnú irun, orí rẹ̀ lásán ló ń dúró sí, á kàn máa dán.

Kí ló dé tí òróró yìí kì í fi í pa owó fún ẹni tó ṣe é? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: òórùn ni. A ní àdín ń rùn. Ilé iṣẹ́ ńlá á ra irú epo kan náà, wọ́n á fi oru omi tó gbóná kọjá ìwọ̀n 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius fẹ́ òórùn rẹ̀ dànù pátápátá, wọ́n á wá rọ lọ́fíńdà sí i. Ohun tí a fi ń kọ àdín ìyá tó jókòó sídìí ìkòkò ni wọ́n fi di olówó. Ìyá náà kò ní ẹ̀rọ yẹn, ọ̀nà ibòmíràn ò dára, ẹni tó ń wá kó ẹ̀kùrọ́ lọ ló sì ń dá iye. Bí a bá kọ́ láti mọ epo yàtọ̀ sí òórùn, àwa tí à ń rà á náà lè fi owó wa gbè é.

Ohun tí ẹ ó máa ṣe

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Èkíní, bí wọ́n bá ní epo olóòórùn kan jẹ́ ojúlówó, ẹ kán ẹyọ kan sórí bébà funfun. Èyí tí wọ́n fi oru omi fà lára ewé tàbí òdòdó máa ń fẹ́ lọ. Bí àbàwọ́n ọ̀rá bá dúró síbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, òróró ti wà nínú rẹ̀. Èkejì, ẹ má fi òórùn àkọ́kọ́ ra lọ́fíńdà. Èyí tó kọ́kọ́ lu imú kì í pẹ́ lọ. Ẹ fi sí ọwọ́, ẹ rìn yíká ọjà, kí ẹ tó padà wá. Ẹ̀kẹta, ìpara tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi sínú ìgunpá fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá yún, bó bá pọ́n, ẹ fún un ní àyè. Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá kọ òórùn, fragrance-free ni kí ẹ wá. Èyí tí wọ́n kọ unscented sí lè ní lọ́fíńdà tí wọ́n fi pa òórùn mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún, ti ilé náà ní ọwọ́ tí a fi ń mú un. Ẹ má fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ para kí ẹ jáde sóòrùn, ó lè jó ara bí iná, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Ọṣẹ dúdú tí omi eérú rẹ̀ bá pọ̀ ju àdín lọ máa ń ta, kò dára fún ara ọmọ ọwọ́. Àdín tó bá ti kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù. Ẹ gbé ìgò sínú òkùnkùn, kì í ṣe ojú fèrèsé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú, nígbà tí ẹ bá tún rí obìnrin tó gbé ìgò àdín kalẹ̀ létí títì, ẹ má kàn fi imú kọjá. Ẹ dúró, ẹ béèrè bó ṣe ṣe é, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, ẹ san owó tó yẹ. Ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ló wà nínú ike tó wà lórí tábìlì yín nílé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnì kan fi lọ́fíńdà sí tiyín.